Ìgò Dà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ẹ̀rí àti Ìfura nípa Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ìgbógbó ni mò ń gbé, ní agbègbè Ìkòròdú. Láti ọjọ́ tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ti di ibi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń gbé fóònù wọn wá. Ẹni tó ti Bàyékù wá á ní, "Màmá, ẹ bá mi wo fídíò yìí." Ẹni tó ti Ìjẹ̀dẹ́ wá á ní, "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yìí ti pa ọmọ mẹ́ta." Mo kọ èyí tí wọ́n ń bi mí jù sílẹ̀, mo sì dáhùn bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn lójúkorojú. Mi ò ní bo èyí tó burú mọ́lẹ̀, torí ẹni tó bá bo ọ̀kan mọ́lẹ̀, wọn ò ní gba ọgọ́rùn-ún yòókù gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣé ó burú kí èèyàn máa fura sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni?

Kò burú rárá. Ìfura loògùn àgbà. Ìyá tí kò bi nọ́ọ̀sì ní nǹkan kan kí wọ́n tó gún ọmọ rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá lọ. Àmọ́ ìbéèrè ni ìfura, kì í ṣe ìdáhùn. Bí obìnrin kan bá fura pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí fún òun wọlé ní ọjà Sábó, yóò yí kóńgò náà dojú dé, yóò fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, tàbí kó gbé tirẹ̀ wá láti ilé kó sì fi wọ̀n ọ́n wò. Kò ní máa pariwo kiri pé kò sí kóńgò gidi kan mọ́ ní gbogbo Ìkòròdú. Kò sì ní gbà fún ìyálọ́jà tó bá sọ pé ẹnikẹ́ni ò lu ìdí kóńgò rí. Ọwọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká máa fi mú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá gbé ìròyìn wá ni pé: ìgò dà? Irú abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún ọmọ náà? Iléeṣẹ́ wo ló ṣe é? Kí ni nọ́ńbà tó wà lára ìgò, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní batch number? Ọjọ́ wo ni, ibo sì ni? Lẹ́yìn náà ni mo tún ń béèrè pé: àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n gba nínú ìgò kan náà ńkọ́?

Kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè ìgò ṣáá?

Torí pé ìtàn abẹ́rẹ́ burúkú tó jẹ́ òótọ́ wà, ìdí ìgò ni wọ́n sì ti rí òkodoro wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ mẹ́ta.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1955, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ tuntun tí Jonas Salk ṣe fún àrùn rọpárọsẹ̀. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ti pa ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìròyìn ń wọlé pé àwọn ọmọ kan ń rọ, apá tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí gan-an ló sì kọ́kọ́ ń rọ. Wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ náà, wọ́n wo ibi tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wá, ọ̀rọ̀ sì já sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cutter. Kòkòrò àrùn ààyè ṣẹ́ kù nínú àwọn kan lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe. Èèyàn bíi 200 ló rọ, mẹ́wàá kú. Wọ́n kó ti Cutter kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òfin tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti ìgbà náà.

Èkejì kàn wá ní Nàìjíríà. Ní 1995, àrùn yínrùn-yínrùn, ìyẹn meningitis, ń pa àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè Niger. Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn oníṣègùn àjọ aṣèrànwọ́ tó ń jẹ́ MSF tó wà níbẹ̀ wo ìgò, wọ́n rí i pé ìrísí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ. Wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i kò sì bá ìwé iléeṣẹ́ mu. Àwọn oníṣẹ́ibi ti pààrọ̀ ojúlówó. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Èèyàn bíi 60,000 ni wọ́n ti gún un fún. Ọkàn mi ń bàjẹ́ nígbàkigbà tí mo bá rántí èyí, torí àwọn èèyàn náà lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ti bọ́.

Ìkẹta ṣẹlẹ̀ ní Samoa, erékùṣù kékeré kan ní òkun Pacific. Ní oṣù keje ọdún 2018, ọmọ ọwọ́ méjì gba abẹ́rẹ́ èéyi ní ọjọ́ kan náà, àwọn méjèèjì sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ariwo ta pé abẹ́rẹ́ ń pa ọmọ, ìjọba sì dá abẹ́rẹ́ náà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyẹ̀fun ni abẹ́rẹ́ èéyi. Omi tirẹ̀ ni wọ́n ń fi pò ó. Ìwádìí fi hàn pé oògùn tí wọ́n ń lò láti dẹ iṣan ara aláìsàn nígbà iṣẹ́ abẹ, tó tiẹ̀ ti kọjá ọjọ́ lílò, ni àwọn nọ́ọ̀sì náà fi pò ó dípò omi. Ilé ẹjọ́ rán wọn lọ sẹ́wọ̀n. Kò sóhun tó ṣe abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó pò ó ló jẹ̀bi. Àmọ́ ariwo ti ba ọkàn àwọn òbí jẹ́, àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ èéyi sì wálẹ̀ di nǹkan bíi 31 nínú 100. Nígbà tí èéyi dé lápá ìparí 2019, ó mú èèyàn tó lé ní 5,700, ó pa 83, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àwọn tó fura kò fura lásán. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn kan yí ìgò wò, àwọn kan kàn ń pariwo.

Wọ́n fi gílóòbù sí apá ẹni tó gba abẹ́rẹ́ Kòrónà, ó sì tàn. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè, torí èyí ò ní ká lọ sí yàrá àyẹ̀wò kankan. Nígbà tí fídíò náà dé ọ̀dọ̀ wa ní 2021, mo rán ọmọ lọ ra irú gílóòbù yẹn ní Sábó, èyí tí kì í kú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Mo fi ìdí rẹ̀ kan apá ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí kò gba abẹ́rẹ́ Kòrónà kankan. Ó tàn. Mo fi kan ọrùn ọwọ́ tèmi níbi tí wọn ò gún mi sí, ó tàn. Mo wá bu omi sínú abọ́, mo ti ìdí rẹ̀ bọ omi, ó tún tàn. Bátìrì wà nínú rẹ̀; ohunkóhun tó bá so irin méjèèjì tó wà ní ìdí rẹ̀ pọ̀, ìbáà jẹ́ awọ ara tàbí omi, yóò mú un tàn.

Ẹ wo ohun tí ẹni tó ṣe fídíò náà fò dá. Apá tó gba abẹ́rẹ́ ló fi hàn wá, kò fi èyí tí kò gba hàn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fi ẹyọ kan hàn yín, ẹ béèrè ìkejì rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọmọ kan ládùúgbò wa gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kú ní ọjọ́ Ẹtì. Ṣé ẹ ṣì máa ní kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni?

Kí Ọlọ́run tu àwọn òbí rẹ̀ nínú. Mi ò ní sọ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́, mi ò sì ní sọ pé abẹ́rẹ́ ni, títí wọ́n á fi wádìí. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí ò dùn létí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó le fún èmi náà láti sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Inú òwe yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ronú nípa abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká bi òwe náà léèrè: àjẹ́ ti ké lẹ́ẹ̀melòó tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ló sì kú lọ́jọ́ tí àjẹ́ kankan ò ké? Ẹni tí kò bá ka ìyẹn mọ́ ọn, kò tíì ka nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Ìwádìí ìjọba tó ka àwọn ilé káàkiri Nàìjíríà ní 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè, 110 ni kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ibà, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, ìnira ìgbà ìbí: ẹ mọ̀ wọ́n. Nínú ọmọ 10,000, ìyẹn jẹ́ 1,100. Ọdún márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ 260. Bí a bá pín ikú náà dọ́gba, bíi mẹ́rin nínú wọn ló ń kú ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní òtítọ́, ọmọ ìkókó ló ń kú jù, ìyẹn ni pé ní ìgbà tí abẹ́rẹ́ pọ̀ jù, iye náà tún ju mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá fi omi lásán gún gbogbo ọmọ 10,000 náà lónìí, ẹ ó ṣì sin ọmọ mẹ́rin ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ìyá wọn ò sì ní gbàgbé omi yẹn láéláé.

Nítorí náà, ìbéèrè kì í ṣe "Ṣé ọmọ kan kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́?" Ìbéèrè ni pé ṣé àwọn tó kú láàárín àwọn tó gbà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò gbà á. Kíkà bẹ́ẹ̀ ti tú àṣírí àjẹsára kan rí. Ní 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí RotaShield, àjẹsára ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Láàárín ọdún kan, ìròyìn wọlé nípa àwọn ọmọ tí apá kan ìfun wọn ń wọ inú apá kejì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ìròyìn àkọ́kọ́, àmọ́ wọn ò fojú kéré rẹ̀. Wọ́n kà, wọ́n fi wéra, wọ́n rí i pé ó ń ṣe nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní 1999. Àwọn tuntun tó rọ́pò rẹ̀, ọmọ tó lé ní 60,000 ni wọ́n fi dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Irú wọn ni àwọn ọmọ wa ń gbà láti 2022.

Fún ọmọ àdúgbò yín, ẹ sọ fún òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gbé káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà lọ síbi tí wọ́n ti gún un, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì wádìí. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Fọ́ọ̀mù wà fún un, ó sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ NAFDAC. Ẹ̀yin náà lè fi áàpù Med Safety fi í tó NAFDAC létí láti orí fóònù yín.

Ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ló ń fa autism, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá ẹlòmíràn ṣe nira fún ọmọ.

Ní 1998, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Andrew Wakefield, tẹ ìwé kan jáde nípa ọmọ 12, ó sì so abẹ́rẹ́ èéyi mọ́ autism. Ọmọ 12 péré. Wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé ohun tó kọ nípa àwọn ọmọ náà kò bá ìwé ilé ìwòsàn wọn mu, àti pé àwọn agbẹjọ́rò tó fẹ́ gbé iléeṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ sílé ẹjọ́ ti ń sanwó fún un láìjẹ́ pé ó sọ. Ìwé ìròyìn Lancet tó tẹ̀ ẹ́ yọ ọ́ kúrò ní 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà.

Ní Denmark, wọ́n tọ ipasẹ̀ ọmọ 657,461, èyí tó gbà á àti èyí tí kò gbà á, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Autism kò pọ̀ láàárín àwọn tó gbà á ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ méjìlá ní apá kan, ọmọ tó lé ní ọ̀kẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n ní apá kejì. Mi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n kan kó sì ní wọ́n dọ́gba.

Mercury ńkọ́? Wọ́n ní májèlé ni.

Àwọn kan lára ìgò tí wọ́n ń fi gún ọmọ mẹ́wàá ní thiomersal díẹ̀ nínú, ìyẹn ohun kan tó ní mercury, kí kòkòrò má bàa hù níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ṣí i. Irú mercury tirẹ̀ máa ń jáde lára láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó wà nínú ẹja ńláńlá inú òkun yàtọ̀ sí i, ó sì ń pẹ́ lára gan-an. Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú abẹ́rẹ́ ọmọdé ní 1999 láti fi tu àwọn òbí nínú. Autism tí wọ́n ń kà kò dín kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí òun ló ń fà á ni, ó yẹ kó dín kù.

Àwọn ará Kano kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ nígbà kan. Ṣé wọn ò mọ nǹkan ni?

Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1996, nígbà tí àrùn yínrùn-yínrùn ń jà ní Kano, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ. Ọmọ 200 ni wọ́n lò, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Àríyànjiyàn ńlá wá dìde lórí bóyá àwọn òbí mọ̀ pé wọ́n ń dán oògùn wò lára ọmọ wọn. Ní 2009, Pfizer fara mọ́ sísan mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Trovan kì í ṣe àjẹsára, oògùn tó ń pa kòkòrò ni. Àmọ́ ẹni tí ejò ti bù jẹ rí...

Nítorí náà, nígbà tí àwọn aṣáájú kan sọ ní 2003 pé wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ sínú àjẹsára rọpárọsẹ̀, ilẹ̀ ti lẹ́tù fún irúgbìn náà. Kano dá a dúró. Ìfura wọn ní ìdí. Ẹ̀rí ni wọn kò ní. Wọ́n padà gbà á ní oṣù keje ọdún 2004, lẹ́yìn tí wọ́n rí èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Kí ó tó di ìgbà náà, àrùn ti gba ibẹ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè bíi ogún. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, kò sí ní Áfíríkà mọ́.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Kenya sọ irú rẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ ipá (tetanus) ní 2014, wọ́n tiẹ̀ gbé èsì àyẹ̀wò jáde. Ìgò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó kù-díẹ̀-káàtó ni pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin wò fún oyún ni wọ́n fi yẹ abẹ́rẹ́ wò. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn aṣọ.

Ọmọbìnrin mi wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ HPV, ti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kò ní jẹ́ kó bímọ.

Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Àwọn ìlú mìíràn ti ń fún àwọn ọmọbìnrin wọn láti 2006 sí 2008. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ní Sweden, wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀: àwọn tó gbà á kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 17, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fi nǹkan bí 88 nínú 100 dín kù láàárín wọn.

Ní Nàìjíríà, jẹjẹrẹ yìí ń pa obìnrin bíi 8,000 lọ́dún. Mo ti tọ́jú lára wọn. Mo ti fọ aṣọ abẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbà á.

Ṣé òótọ́ ni pé àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu lè fa rọpárọsẹ̀?

Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ràn bí àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣe ń sẹ́ ẹ. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 2.7 tí wọ́n bá kán an fún ọmọ nígbà àkọ́kọ́, ó lè mú ọmọ rọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára, kòkòrò yẹn lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí òmíràn fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi tún lágbára. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe tuntun tó ń jẹ́ nOPV2, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2021, ìdí náà sì nìyẹn tí ọmọ fi ń gba ti abẹ́rẹ́ mọ́ ti ẹnu. Ibi tí àwọn ọmọ tó gbà á bá ti pọ̀, kòkòrò náà kì í rí ọ̀nà gbà. Àìgbà ló ń là á fún un.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún ọmọ mi kò tíì bàjẹ́?

Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì yí ìgò sọ́dọ̀ yín. Lára ọ̀pọ̀ ìgò, ẹ ó rí róbótó kékeré kan tó ní àwọ̀ àlùkò, igun mẹ́rin kan sì wà láàárín rẹ̀. Bí igun mẹ́rin náà bá funfun ju róbótó tó yí i ká lọ, ooru kò tíì ṣe é. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí ti àárín ti dúdú jù, kò yẹ kí wọ́n lò ó mọ́, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì pé. Ẹ wo ọjọ́ náà pẹ̀lú. Tí ó bá jẹ́ ti èéyi tàbí BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ) tí wọ́n pò, ẹ béèrè aago mélòó ni wọ́n pò ó. Wákàtí mẹ́fà péré ló ní, kò sì gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì.

Àmọ́ àmì yẹn ò lè sọ ohun kan fún yín: ó ń mọ ooru, kì í mọ yìnyín. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí mi ò ní dárúkọ, a dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a bá àwọn ìgò penta, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún pọ̀, tó lẹ̀ mọ́ ògiri fìríìjì. Ẹnì kan ti yí fìríìjì sí ibi tó tutù jù, èrò rẹ̀ ni pé bó bá ṣe tutù tó ló ṣe dára tó, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ ń fẹ́. Àwọ̀ àmì náà mọ́ gaara lára gbogbo wọn. Ọ̀gá mi ní ká mú ọ̀kan tó ní nọ́ńbà kan náà, ká jẹ́ kó dì dáadáa, ká sì jẹ́ kó yọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí a ń fura sí, ó mì wọ́n pọ̀, ó gbé wọn kalẹ̀ sórí tábìlì, gbogbo wa sì tẹjú mọ́ wọn. Èyí tó ti dì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ bí ògì tó ń dúró sísàlẹ̀ omi, omi mímọ́ sì wà lókè rẹ̀. Èyí tí kò dì ṣì rí bí omi tí wọ́n po mílíìkì sí. Nínú àwọn tí a ń fura sí, èyí tó pọ̀ jù ń ṣe bí ògì. A dà wọ́n nù.

Ká ní a gún wọn fún ọmọ, ọmọ kankan kò ní kú nítorí rẹ̀. Wọn ì bá kàn lọ sílé láìní ààbò, pẹ̀lú káàdì tó sọ pé wọ́n ní in. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí abẹ́rẹ́ tí kò dára ṣe ń ṣe wá níbi nìyẹn. Gbogbo WhatsApp ń wá májèlé nínú abẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè iná fìríìjì.

Ta ló ń yẹ abẹ́rẹ́ wò kó tó dé Ìkòròdú?

Yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ tó ṣe é, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é ń fọwọ́ sí batch kọ̀ọ̀kan tó jáde. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, WHO, ní àwọn tó ti yẹ̀ wò tó sì fọkàn tán. Ní tiwa, NAFDAC ni. Ní 2022, WHO gbà pé NAFDAC ti dé ìpele kẹta nínú mẹ́rin. Ìyẹn dára, kò sì ní ká sùn lọ: ní 2008, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní orílẹ̀-èdè yìí, torí pé májèlé kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà tó rí i pé ìtọ̀ àwọn ọmọdé ń dá ṣáá ló ta ìlú lólobó. Ìfura nìyẹn náà, ṣùgbọ́n ìfura tó tọpa dé ìdí ìgò.

Ó ń dùn mí pé a máa ń ṣe abẹ́rẹ́ fúnra wa ní Yábàá níbí, títí di 1991. Láti ìgbà náà, òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Ṣé kì í ṣe èyí tó ti kọjá ọjọ́ ni wọ́n ń kó wá fún wa?

Nígbà Kòrónà, àwọn olówó kó èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wá fún Áfíríkà. Ìwà tí kò dára ni. Èyí tó kọjá ọjọ́ lọ́wọ́ wa, ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba kó 1,066,214 rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ìdalẹ̀sí ní Abuja, wọ́n bà á jẹ́ níwájú àwọn oníròyìn. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n ṣì fi gún òun, kó mú káàdì rẹ̀ wá ká wo nọ́ńbà.

Àwọn tó ń sọ pé abẹ́rẹ́ dára, ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń gbà?

Àwọn kan ń gbà á. Owó ìjọba ni èmi náà fi tọ́ ọmọ. Ẹ bi gbogbo wa léèrè. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń ta àgbo "fọ abẹ́rẹ́ kúrò lára" náà léèrè. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ṣé ẹlòmíràn tí kò jẹ nínú owó náà ti kà á lọ́tọ̀, ó sì bá a bẹ́ẹ̀.

Dókítà gan-an ló sọ ọ́ nínú fídíò.

Wakefield náà, dókítà ni.

Kí ni mo lè retí lára ọmọ mi lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ló sì yẹ kó bà mí lẹ́rù?

Ara gbígbóná àti itan tó wú díẹ̀ lẹ́yìn penta wọ́pọ̀. Ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. BCG yóò wú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì fi àpá sílẹ̀. Ẹ má fi robb tàbí ewé sí i. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, torí pé ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù, ara lè kọ̀ ọ́ lójijì: ojú á wú, mímí á le. Níbẹ̀ ni oògùn rẹ̀ wà. Bí gìrì bá mú ọmọ, tí kò bá lè mu ọmú, tàbí tó ń ké fún wákàtí mẹ́ta láìdákẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn kan náà. Ẹ má dúró dè mí.

A ti fo ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ṣé a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Rárá. Ibi tí ẹ bá a dé ni ẹ ó ti tẹ̀ síwájú.

Màmá, kí ni kí n kọ sílẹ̀?

Ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹja ní Bàyékù ló bi mí ní èyí. Òun ló gbé fídíò gílóòbù wá nígbà náà. Mo ní kó ra ìwé kan kó sì kọ orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà ìgò, ọjọ́, itan òsì tàbí itan ọ̀tún, àti bí ara ọmọ ṣe rí fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kejì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú ìwé náà wá fi hàn mí, ó ti rọ nínú àpò rẹ̀, ó sì ń rùn ẹja. Ní iwájú èéyi àti ibà pọ́njú, ó kọ nọ́ńbà méjèèjì, ó kọ "ọ̀tún" àti "òsì", ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé: "Mo ní kí wọ́n yí ìgò. Àárín funfun."